Òkété Ló Hú Ọ̀pẹ Akínwándé

Ilé Fákọ́ládé,
Erunmu, ní Ẹgbẹ́dá,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà.

Wùnmí ọmọ mi,

Mo kí ọ títí mo fi jókòó kí ọ, nítorí orúnkún kò jẹ́ kí n kí ènìyàn lórí ìdúró mọ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikùn rẹ̀ ṣì ń ṣáájú rẹ̀ wọlé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè kẹrin bí ẹyẹ ẹ̀gà, Olódùmarè kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá ń gòkè, ire ni ẹ ó bá níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ ni ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ, ẹ kò ní sọ̀ kalẹ̀ wá gbọ́ ìròyìn burúkú. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, mo ń dúró dè ọ́.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣẹ́gun kọ́ńpìnnì. Èmi Lànà Fákọ́ládé tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mi ò sì dúró gba èsì ìdánwò, mo bá kọ́ńpìnnì tó ní lọ́yà mẹ́ta wọ̀yá ìjà lórí ilẹ̀ wa, Akínwándé ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú mi, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, gbogbo ẹni tó wà ní ìjókòó sì pàtẹ́wọ́.

Ó dáa. Mi ò fẹ́ kí o lọ ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ kí wọ́n wá máa bi ọ́ léèrè ẹ̀rí. Lọ́yà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó sì tín-ín-rín. Ní ti ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, fóònù Akínwándé ló bọ́ sábẹ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ nílẹ̀ o. Láti ibi tí mo jókòó sí, bí ènìyàn bá fi ojú ìfẹ́ wò ó, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Àtẹ́wọ́ yẹn náà, ẹ̀fọn ni wọ́n ń pa.

Kí n tó rojọ́ náà fún ọ, ìyá rẹ kí ọ. Ó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù wọn, ó ní nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kan náà ni. Mo ní kó bá mi gba tèmi mọ́ ọn, nítorí ebi ń pa mí. Ó wò mí bí ẹni ń wo ológbò tó jẹ ẹran ọbẹ̀. Adìẹ rẹ funfun ti pa ọmọ mẹ́sàn-án. Àṣá gbé ọ̀kan, ìyá rẹ gbé ọ̀kan fún wòlíì, mi ò mọ èyí tó yára jù nínú àwọn méjèèjì. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti ń yọ irùngbọ̀n. Hezekiah ọ̀rẹ́ mi ra eyín tuntun, láti ìgbà náà ló ti ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, kí a lè rí i. Lánàá ó rẹ́rìn-ín níbi òkú.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀. O mọ ilẹ̀ wa tó wà lójú ọ̀nà Olódò, níbi tí bàbá mi gbin obì sí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí o kò ráàyè wá nítorí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Akínwándé wá bá wa pé òun ń kọ́ ilé tà, òun kò sì fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é. Àwa yóò mú ilẹ̀ sílẹ̀, òun yóò mú owó àti òṣìṣẹ́ wá. Yóò kọ́ ilé mẹ́wàá, àwa yóò mú mẹ́ta, òun yóò mú méje tà. Ó ní orúkọ òyìnbó kan tí wọ́n ń pe irú rẹ̀, mo ní kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, àáró ni. Ìwọ bá mi kọ ebè lónìí, èmi bá ọ kọ ebè lọ́la. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àti pé nínú àáró tí mo mọ̀, ẹni tó bá jẹ iṣu oníṣu tán, tí ilẹ̀ mọ́ tí a kò rí i lóko, kò tún rí ẹni bá a kọ ebè mọ́ títí ó fi máa kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá yìí mà dùn o.

Wọ́n gbé àwòrán bí ibẹ̀ yóò ṣe rí wá hàn wá, àwòrán ńlá, ó tó ẹnu ọ̀nà. Ilé mẹ́wàá dúró síbẹ̀, wọ́n ń dán. Òyìnbó kan ń fa ajá lọ. Obìnrin kan ń sáré, mi ò sì rí ohun tó ń lé e. Mo wò ó, mo tún un wò, mo bi wọ́n pé àwọn wo nìyí, ta ló gbà wọ́n síbẹ̀, nítorí ẹbí kò tíì jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọbìnrin kan wà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fún Akínwándé, Marvellous lorúkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní bàbá, àwòrán lásán ni. Mo ní ilé wọ̀nyí ńkọ́, ṣé àwòrán lásán ni àwọn náà? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà nínú àwòrán náà, ṣùgbọ́n mi ò wo igi, ajá ni mò ń wò.

Nígbà tó di àtifọwọ́ sí ìwé, ojú ìwé mẹ́tàlélógún ni, wọ́n sì ní kí èmi olórí ẹbí fọwọ́ sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò ó pé wọn kò gbà pé mo kàwé ni, wọ́n fẹ́ dán mi wò. Mo bá yí ìfọwọ́sí mi padà ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ mi já gaara. Mo fi ìrù sí ọ̀kan, mo fi òrùlé sí ọ̀kan, mo kọ ọ̀kan bíi ti gómìnà. Lọ́yà wa, Olúwadọ̀tun ti Olódò, gbé orí lé tábìlì. Ó ní ó dà bíi pé ènìyàn mẹ́tàlélógún ló ta ilẹ̀ náà. A tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ro mí fún ọjọ́ méjì.

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ Ìbídùnní àbúrò mi. O rántí pé lórí ilẹ̀ yẹn ni ilé rẹ̀ wà, ilé yàrá méjì tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un kó tó kú. Wọ́n ní ilé náà wà ní ojú ibi tí títì yóò gbà. Ìwé wá sọ pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì kọ́kọ́ parí ọ̀kan nínú mẹ́ta tiwa fún un, láàárín ọdún kan ààbọ̀. Ìbídùnní bi mí pé ṣé kí òun gbà. Mo ní kó gbà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù jáde, ó gbá ilẹ̀ ilé náà kí katakátá tó wó o, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n wó ilé tó dọ̀tí.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé yàrá tí mò ń kó àgbàdo sí. Òun àti àpò àgbàdo ni wọ́n jọ ń sùn, òun àti kòkòrò ni wọ́n jọ ń jí. Kò ráhùn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, obìnrin tó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ráhùn nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí orí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe, Marvellous a máa ṣí ẹnu ọ̀nà ọgbà fún un. Yóò jókòó sínú yàrá tí kò ní ògiri, yóò máa bó ẹ̀gúsí. Ó ti mọ ibi tí ibùsùn yóò kọjú sí. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ gba àárín búlọ́ọ̀kù kọjá, ó ní kí n yí padà, ògiri ni ibẹ̀, kí n gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ọmọlúàbí.

Ọdún kan ààbọ̀ pé, kò sí ilé. Ọdún méjì pé, ìpìlẹ̀ náà ni, pẹ̀lú ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lórí rẹ̀, tí ewé eéran ń gbà wọlé jáde láì kan ìlẹ̀kùn. Akínwándé ní dọ́là ló wọ́n. Mo bi í bóyá dọ́là ni wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì, torí mo rò pé omi ni.

Báyìí ni mo ṣe rí ẹ̀rí mi, gbọ́ o. Marvellous ti da gbogbo wa pọ̀ sínú Wásáàpù kan, ẹbí àti kọ́ńpìnnì. Àràárọ̀ ni mò ń kí wọn níbẹ̀, mò ń ki kálukú lóríkì, àwọn tí mi ò mọ oríkì wọn, mo fún wọn ní tuntun. Lọ́jọ́ kan mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Akínwándé ọmọ mi, ṣé ilé Ìbídùnní yóò parí kí oṣù Kẹjọ ọdún yìí tó tán, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Àtàǹpàkò kan ló fi ránṣẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Mo pe ìyá rẹ wá, mo ní wá wò ó, Akínwándé ti tẹ̀ka. Ìyá rẹ ní bí wọ́n ṣe ń sọ pé àwọn ti gbọ́ nìyẹn. Mo ní nígbà tí ìjọba fẹ́ fún mi ní káàdì, ìka wo ni wọ́n ní kí n fi tẹ̀ ẹ́?

Mo gbé fóònù lọ bá Lọ́yà Olúwadọ̀tun. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé awò wọ̀, ó tún un kà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bàbá, ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ sọ ọjọ́ fún un, ó sì dá yín lóhùn níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó ní kí n má pa á rẹ́ o, pé òun lè lò ó. Ó bá kọ̀wé sí kọ́ńpìnnì pé wọ́n ti yẹ àdéhùn, kí wọ́n wá jókòó.

Wùnmí, ọwọ́ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ilé. Ibẹ̀ ni òkété ti wọ inú ọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí ọjọ́ ìjókòó tó pé, dípò kí Akínwándé to búlọ́ọ̀kù, ó kó igi wá. Ọ̀pẹ òyìnbó méjìdínlógún, wọ́n ga tó àyà mi, ó gbìn wọ́n sí ẹ̀bá títì, ó fi ọ̀pá ọparun ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó fẹ́ ra ilé lè rí i pé nǹkan ń lọ. Mo bi Marvellous pé mélòó ni yóò so. Ó ní kì í so, ẹwà ni. Mo ní ẹmu inú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní kò ní ẹmu. Mo ní ọ̀pẹ tí kò so ẹyìn, tí kò lẹ́mu nínú, kí ló wá ń ṣe lórí ilẹ̀ ènìyàn bí kò ṣe ẹ̀rí?

Ìwọ ará Èkó, o lè ti gbàgbé. Ẹni tí a bá fún nílẹ̀ dáko, yóò gbin ẹ̀gẹ́, yóò gbin àgbàdo, yóò gbin ohunkóhun tí yóò kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. Kì í gbin igi. Kì í gbin kòkó, kì í gbin obì, kì í gbin ọ̀pẹ, nítorí ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí pé òun ló nilẹ̀. Ẹsẹ̀ òroǹbó kan ṣoṣo ni bàbá mi tìtorí rẹ̀ lé àlejò kúrò ní ibi tó ti dáko fún ọdún mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ òroǹbó kan! Akínwándé gbin ọ̀pẹ méjìdínlógún, kò sì fún wa ní ìlẹ̀kùn kan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọn kò bá ọ̀pẹ kankan. Òkété ló hú wọn. O mọ òkété, kò sí ohun tó wù ú tó ìdí ọ̀pẹ kékeré. Ìwà rẹ̀ náà kò dára láti àtètèkọ́ṣe, àwọn bàbá wa ní ó bá Ifá mulẹ̀, ó sì dalẹ̀. Ẹranko tó lè da Ifá, kí ni Akínwándé jẹ́ tí yóò fi bọ̀wọ̀ fún un?

Ọ́fíìsì wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Olódò ni a ti jókòó, òní ló di ọjọ́ kẹwàá. Lọ́yà wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ka ọdún kan ààbọ̀ tó wà nínú ìwé, ó ka ọdún méjì tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kí Akínwándé ṣí Wásáàpù rẹ̀ kó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde lábẹ́ tábìlì, òógùn bò ó, ó ní òótọ́ ni, àwọn ti pẹ́, kò tún sí àwáwí, ilé Ìbídùnní yóò parí kí oṣù Kẹjọ tó tán, òun yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Lọ́yà wọn tó tín-ín-rín yẹn bá ṣí ojú ìwé kọkàndínlógún. Ó ní ẹbí kò gbọdọ̀ ba ohunkóhun jẹ́ lórí ilẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá yẹ àdéhùn nínú wa, kí ẹnìkejì kọ̀wé sí i, kó sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí kò bá tún un ṣe, ẹnìkejì lè kó ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, àdéhùn ti tán. Ó ní àwa ti kọ tiwa, wọ́n sì ti gbà láti tún un ṣe. Tiwọn rè é. Bí ọ̀pẹ méjìdínlógún kò bá dúró sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, kọ́ńpìnnì yóò kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kí ilé ẹjọ́ wá sọ ẹni tó jẹ̀bi. Lọ́yà wa sọ sí mi létí pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé kóòtù, ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí lè bá wọn gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀. Ìbídùnní ti lé ní ọgọ́ta, Wùnmí.

Wọ́n bi mí gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí bóyá ẹnì kan nínú wa ló hú igi náà. Mo ní òkété ni. Akínwándé bi mí bóyá òkété Erunmu ń lo ọkọ́, nítorí pé wọ́n ti dí gbogbo ihò náà, wọ́n sì tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, okùn tí wọ́n fi so igi sì wà ní kíká. Mo ní òkété tiwa kì í ṣe ẹranko ìgboro, ilé ire ni wọ́n ti wá. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, Marvellous náà rẹ́rìn-ín.

Ìbídùnní bá dìde. Kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní gbogbo wọn lè fi ẹ̀gbọ́n òun rẹ́rìn-ín bó ṣe wù wọ́n, ẹlẹ́fẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun láti kékeré, wọ́n ti fi ìgbéyàwó òun ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ti fi òkú ọkọ òun pàápàá ṣẹ̀fẹ̀ títí òun fi rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ṣùgbọ́n ilé òun kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ṣeré. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá sọ pé kì í ṣe ẹnì kan nínú wa, kì í ṣe ẹnì kan nínú wa, òun fi ilé náà dúró fún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ó bá jókòó. Marvellous wò mí. Mo wo fáànù òkè àjà, fáànù kò sì yí.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, tí mo ní mo ṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Ṣé o mọ ohun tí Ìbídùnní wá ṣe? Ó ra pàkúté. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ débi pé àràárọ̀ ló ń lọ dẹ pàkúté sí ẹ̀bá títì, ó ní òun yóò mú òkété náà lọ fi han Akínwándé. Ó ti mú mẹ́ta. Ó gbé àkọ́kọ́ lọ sí Olódò lóòótọ́, nínú agbọ̀n. Méjì tó kù, ó sè wọ́n, ó bu itan wá fún mi nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ó dùn o, ata rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n mo dá ìyókù padà sínú ìkòkò rẹ̀.

Ó yá, kí n tọrọ tèmi. Kí o fi owó alágbàṣe méjì ránṣẹ́ sí mi, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré, iṣẹ́ ihò gbígbẹ́. Má bi mí pé ihò kí ni. Fi ti irin ọkọ́ tuntun mọ́ ọn, tèmi ti jẹ tán. Má gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta owó lábẹ́ agboòrùn fi í ránṣẹ́ bíi ti ìjelòó. Mo lọ gba owó tí ọmọ mi fi ránṣẹ́, ó tún yọ nínú rẹ̀. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti ń nájà, ibí ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí wọ́n ń fi owó ra owó. Ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn yín.

Olódùmarè yóò bá mi tọ́jú rẹ. Ilé tí o ń háyà, wàá kọ́ tìrẹ. Àwọn tí o bá bá ṣàdéhùn, wọn kò ní yẹ̀ ọ́, ìwọ náà kò sì ní yẹ ẹnikẹ́ni. Orí rẹ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rí ṣe. Ọkọ rẹ yóò máa fetí sí ọ, bí kò tilẹ̀ lè dín oúnjẹ kù. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lànà Fákọ́ládé.

Wùnmí, mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa lánàá, mo tún ń ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Èmi ni mo hú wọn. Lọ́jọ́ Àìkú ni, nígbà tí ìyá rẹ àti gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọlọ́dẹ ibẹ̀ náà lọ sí tirẹ̀. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ hú, kí Akínwándé lè mọ̀ pé ojú wa là. Nígbà tí ẹyọ kan jáde, inú ń bí mi, mo hú ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe hú wọn dé ìparí. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Ó wà nínú ìwé, lọ́yà wa kà á fún mi, mo sì fọwọ́ sí i. Mo purọ́ fún gbogbo wọn, mo jẹ́ kí àbúrò mi fi ilé rẹ̀ dúró fún irọ́ mi.

Igi náà kò kú. Láti ọmọdé ni mo ti ń dáko, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ohun tó láyè nílẹ̀. Bárò ni mo fi kó wọn lọ sẹ́yìn oko kòkó, mo bo gbòǹgbò wọn mọ́lẹ̀, mo ń bu omi sí wọn lójoojúmọ́. Ọ̀kan ti yọ ewé.

Ní àárọ̀ yìí mo lọ bá Ìbídùnní, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, mi ò fi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Mo tún lọ sí Olódò, mo sọ ọ́ fún Marvellous. Ó ní òun yóò sọ fún ọ̀gá òun, pé bí igi náà bá ti lè dúró kí ọjọ́ tó pé, ìwé ni àwọn yóò tẹ̀ lé. Nígbà tí mo padà dé, Ìbídùnní ti wọ aṣọ oko, ó ti gbẹ́ ihò mẹ́ta láìdúró dè mí.

Má fi owó alágbàṣe ránṣẹ́ mọ́. Àwa méjèèjì ni a ń gbìn ín. A ti gbin méje, mọ́kànlá ló kù. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.